Bí A Ṣe Lè Dín Èéfín àti Eruku Wẹ́wẹ́ Kù Nínú Ilé

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́, ojú títì ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ: èéfín dánfó, èéfín ilé iṣẹ́ àti ààtàn tí ń jó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ilé gan-an, pàápàá jù lọ ibi ìdáná, ni púpọ̀ nínú àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ ilẹ̀ wa ti ń fa èéfín tó pọ̀ jù símú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ikú tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ló ti ọwọ́ afẹ́fẹ́ búburú inú ilé wá, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì lé ní 237,000 nínú wọn. Nǹkan bí bílíọ̀nù 2.1 ènìyàn ló ṣì ń fi igi, èédú, pàǹtí oko, ìgbẹ́ ẹran tàbí epo òyìnbó dáná. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó lè ṣe nínú ilé tirẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, yálà òun ló kọ́ ilé náà tàbí ó ń san owó ilé, yálà owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò sí.

Ètò tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé rọrùn láti sọ, àmọ́ ó le díẹ̀ láti ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mú ohun tó ń rú èéfín kúrò. Bí kò bá ṣeé mú kúrò, ẹ gbé e jáde síta. Bí kò bá ṣeé gbé jáde, ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún èéfín láti jáde. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ àti ìbòmú ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ra ìbòmú, wọ́n á ra ẹ̀rọ tí ìpolówó rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n sítóòfù epo òyìnbó yóò ṣì máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ.

Ohun tí èéfín ń ṣe nínú ara

Eruku tí ẹ ń rí nígbà tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí ojú ń rí tóbi dé ìwọ̀n tí irun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi lè dá a dúró, a ó sì fi ikọ́ lé e jáde. Èyí tó yẹ kí a bẹ̀rù ni eruku wẹ́wẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ, nígbà tí fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí máíkírómítà 50 sí 70. Ohunkóhun tó bá ń jó ló ń tú u jáde: igi, èédú, epo òyìnbó, sìgá, tùràrí, kọ́ìlì ẹ̀fọn. Nítorí pé ó kéré, ó ń kọjá imú àti ọ̀fun, ó ń kọjá àwọn ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú àyà, títí yóò fi dé àwọn àpò kéékèèké tó wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ tó ń gbé káàkiri ara. Ara yóò kà á sí ọ̀tá, yóò máa bá a jà lójoojúmọ́, ìjà náà ni yóò sì máa mú kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ wú, kí òpó ẹ̀jẹ̀ le, kí ẹ̀jẹ̀ sì tètè máa dì.

Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe ikọ́ àti omijé nìkan ni èéfín ń fà. Nínú ikú mílíọ̀nù 3.2 tí mo mẹ́nu bà lókè, àrùn ọkàn ló fa ìdá 32 nínú 100, rọpárọsẹ̀ fa ìdá 23, òtútù àyà àti irú rẹ̀ fa ìdá 21, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè mí délẹ̀ fa ìdá 19, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì fa ìdá 6. Bí ìyá àgbà kan tó ti fi igi dáná fún ogójì ọdún bá dédé ṣubú tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kú, kò sí ẹni tí yóò ronú kan ààrò. Aráyé ni wọn yóò fi sùn.

Àwọn ọmọdé ń mí kíákíá ju àgbà lọ, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni. Èéfín ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ewu òtútù àyà di ìlọ́po méjì fún wọn. Ẹni tó ní ikọ́ fée mọ̀ pé èéfín díẹ̀ tó láti gbé àìsàn náà dìde.

Ti aláboyún ní ẹ̀rí tó sún mọ́ wa. Ní Ìbàdàn, àwọn olùwádìí kó aláboyún 324 jọ, gbogbo wọn sì jẹ́ ẹni tó ń fi igi tàbí epo òyìnbó dáná. Wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tó ń jó láìrú èéfín, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù máa bá ìdáná wọn lọ. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2017. Nígbà tí oyún kù díẹ̀ kó bí, ìdá 6.4 nínú 100 àwọn tó ń bá igi tàbí epo òyìnbó lọ ni ẹ̀jẹ̀ wọn ru, àmọ́ ìdá 1.9 péré ni láàárín àwọn tó gba sítóòfù tuntun. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù ni pé àárín àwọn tó ń lo epo òyìnbó tẹ́lẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti hàn gbangba jù, kì í ṣe àárín àwọn onígi. Epo òyìnbó kì í ta ojú bí igi, nítorí náà ni a ṣe ń rò pé ó mọ́. Láti ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ fún àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n má ṣe gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa lò ó nínú ilé mọ́.

Nípa ìwọ̀n, àjọ kan náà sọ ní ọdún 2021 pé eruku PM2.5 inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó kún ibi tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún odidi ọdún, kò sì gbọdọ̀ ju 15 lọ fún wákàtí 24. Ilé ìdáná tí a ti ń fi igi se ọbẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn pípadé a máa kà tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n, ẹ gbójú sókè wo àjà ilé ìdáná yín. Bí ó bá ti dúdú, ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn náà ni ẹ ń mí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi iná

Nínú ohun tí agbára ọ̀pọ̀ ilé lè ká lónìí, gáàsì ìdáná àti sítóòfù oníná mànàmáná ni eruku wọn kéré jù. Mo mọ̀ pé gáàsì wọ́n, mo sì mọ bí iná mànàmáná ṣe rí. Síbẹ̀, bí owó díẹ̀ bá wà tí ẹ fẹ́ ná nítorí afẹ́fẹ́ ilé yín, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Sílíńdà kékeré tí a lè máa fi kílò kan tàbí méjì kún sàn ju kí a máa dúró de ọjọ́ tí a ó lè ra ńlá.

Ohun kan wà tó ń ba èrè gáàsì jẹ́, òun ni lílo méjèèjì pọ̀. Ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé gáàsì ni wọ́n fi ń se tíì àti indomie, ṣùgbọ́n tó bá di ẹ̀wà, ẹran àti àmàlà, wọ́n á padà sídìí èédú nínú ilé ìdáná kan náà. Èéfín wákàtí méjì tí ẹ̀wà fi ń hó pọ̀ ju èyí tí a fi gáàsì yẹra fún lọ. Ara kì í sì dáhùn ní ìwọ̀n kan náà: bí èéfín bá ti pọ̀ rékọjá ààlà, dídín rẹ̀ kù sí ìdajì kì í mú ìyàtọ̀ púpọ̀ wá, nígbà tí a bá sún mọ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ ni èrè tó pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní Malawi, wọ́n pín ààrò ìgbàlódé tó ń jó igi lọ́nà tó mọ́ ju ti ìbílẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ agboolé, wọ́n sì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ọmọ tó lé ní 10,000. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2016, òtútù àyà kò dín láàárín àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba ààrò tuntun. Ara ohun tí àwọn olùwádìí tọ́ka sí ni pé èéfín mìíràn ṣì yí àwọn ọmọ náà ká, bí ti pàǹtí tí wọ́n ń jó àti ti sìgá.

Nítorí náà, oúnjẹ tó ń pẹ́ lórí iná ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú sí. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù, yóò sì tètè rọ̀. Ẹ gé ẹran sí kékeré, ẹ dé ìkòkò, ẹ má sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lè ra ìkòkò onítẹ̀mọ́ (pressure cooker), èyí tí ooru kì í jáde nínú rẹ̀, yóò rí i pé gáàsì tó ń fi se ẹ̀wà kò ní pọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí sílíńdà wà níta, kí họ́ọ̀sì gba ara ògiri wọlé. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, bí ìfófòó bá ń rú, ó ń jò. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná kankan, ẹ má sì pa iná mànàmáná tó ń tàn. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, kí ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn.

Bí igi tàbí èédú kò bá ṣeé fi sílẹ̀

Ẹ gbé e jáde. Kò sí ìmọ̀ràn kankan nínú ìtọ́sọ́nà yìí tí owó rẹ̀ kéré tó èyí. Abẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri dára ju ilé ìdáná aláìnífèrèsé lọ lọ́nà púpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ sì gbé ààrò síbi tí èéfín rẹ̀ kò ní gba fèrèsé yàrá wọlé, ìyẹn yàrá tiyín àti ti aládùúgbò. Ẹni tó ń dáná kò gbọdọ̀ dúró síbi tí èéfín ń lọ.

Igi tútù ni baba èéfín. Ẹ la igi sí wẹ́wẹ́, ẹ sá a sóòrùn fún oṣù mélòó kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tò ó síbi tí òjò kò ní pa á. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá, ike, táyà tàbí pákó tí a kùn lọ́dà ko iná. Mo mọ̀ pé ọ̀rá omi inú páálí ni ọ̀pọ̀ fi ń tanná sí èédú, torí pé ó yá. Ohun tó ń jáde nínú ọ̀rá tí ń jó burú ju ti igi lọ. Igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ tàbí èèpo àgbọn tó gbẹ yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Èédú ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ó bá ti pọ́n dáadáa, èéfín rẹ̀ kì í hàn mọ́, ènìyàn á sì rò pé kò sí ewu. Ìgbà náà gan-an ló ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tó lè pa gbogbo ilé sójú oorun. Ẹ má ṣe gbé èédú tó ń jó wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́ tàbí òtútù òjò, bó ti wù kó mọ.

Kí ọmọ kúrò nídìí iná. Ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó sì ń fọn iná ń mú ọmọ náà mí ohun tí òun ń mí. Bí ẹlòmíràn bá wà nílé, kí onítọ̀hún gba ọmọ lọ síwájú ilé títí oúnjẹ yóò fi jinná. Iṣẹ́ yìí kò ju agbára bàbá ọmọ lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yan gàrí àti àwọn tó ń yan ẹja yàtọ̀, nítorí pé tiwọn kì í ṣe wákàtí kan tàbí méjì. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni. Fún wọn, ògiri ni àtúnṣe tó ṣe pàtàkì jù. Bí a bá mọ ògiri kan láàárín ẹni tó ń yan gàrí àti ẹnu ààrò, tó fi jẹ́ pé òdìkejì ògiri ni a ti ń ti igi sínú iná, tí agbada sì wà ní ìhà tirẹ̀ láìsí àlàfo tí èéfín lè gbà yọ, èéfín yóò máa jáde ní ẹ̀yìn. Kí a tún ri ọ̀pá kan mọ́ ààrò náà tí yóò gbé èéfín kọjá orí òrùlé, kí a sì máa gbọ́n inú rẹ̀ nígbàkúùgbà, torí pé ọ̀pá tó ti dí a máa dá èéfín padà sójú ẹni. Ẹgbẹ́ olùyan gàrí lè jọ dáwó kọ́ irú ààrò bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ti ń jọ dáwó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́.

Àwọn èéfín kékeré tí a kì í kà sí

Kọ́ìlì ẹ̀fọn ni àkọ́kọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé eruku PM2.5 tí kọ́ìlì kan ṣoṣo ń tú jáde títí tó fi jó tán tó ti sìgá 75 sí 137. Yàrá tí a sì pa dé kí ẹ̀fọn má bàa wọlé ni a ti ń sun ún. Ẹ ta àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn sórí ibùsùn, ẹ fi àwọ̀n sójú fèrèsé, ẹ sì da omi tó dúró sínú ike àti táyà àtijọ́ nù. Bí ẹ bá gbọdọ̀ sun kọ́ìlì, ẹ sun ún níta ní ẹnu ọ̀nà.

Tùràrí àti àbẹ́là jẹ́ èéfín bí èéfín mìíràn, ohun yòówù kí a máa fi wọ́n ṣe. Kí fèrèsé ṣí sílẹ̀ nígbà tí a bá ń lò wọ́n. Àtùpà epo òyìnbó ti yẹ ní fífi sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àtùpà olóòrùn kékeré ti wà lọ́jà. Sìgá kò gbọdọ̀ wọ inú ilé rárá, kì í sì í ṣe pé kí a mu ún lójú fèrèsé.

Yíyọ́ epo pupa títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, bí a ti ń ṣe fún ọbẹ̀ ayamásẹ, a máa fi èéfín kún ilé ju ohun gbogbo tí a ń se lọ, kódà lórí gáàsì. Ìta ni ibi tó yẹ ẹ́. Bí inú ilé ni ẹ ó ti ṣe é, ẹ lo iná kékeré, kí ẹ dé e, kí ẹ sì pa iná náà kí ẹ tó ṣí i.

Jẹnẹrétọ̀ kì í gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í gbé bálíkóónì, kì í sì í gbé abẹ́ fèrèsé. Ó kéré tán, kí ó jìnnà sí ilé tó mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọjú síta. Nínú ọgbà tó há, mítà mẹ́fà lè má sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùgbé jọ yan ibì kan fún gbogbo jẹnẹrétọ̀, àti wákàtí tí wọn yóò máa pa wọ́n.

Gbígbálẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń gbé eruku tó ti sùn dìde. Àwọn ìyá wa tó máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Aṣọ tútù dára fún nínu àga àti tábìlì. Ní àkókò ọyẹ́, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí atẹ́gùn bá ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ẹ ti fèrèsé ní wákàtí tí ojú sánmà bá ṣú jù, kí ẹ sì ṣí i nígbà tó bá mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Fèrèsé, asẹ́ àti ìbòmú

Fèrèsé kan ṣoṣo kì í ṣe púpọ̀. Ihò méjì tó kọjú síra ni ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé láti ìhà kan, kó sì gbé èéfín jáde ní ìhà kejì. Ẹ ṣí wọn kí ẹ tó dáná, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá se oúnjẹ tán. Fáànù tó kọjú síta lójú fèrèsé ilé ìdáná ń ṣiṣẹ́ ju èyí tó ń fẹ́ èéfín káàkiri yàrá lọ. Nínú ilé tí a ń pè ní face-me-I-face-you, níbi tí sítóòfù mẹ́fà ti lè máa jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ẹnì kan kò lè dá afẹ́fẹ́ tirẹ̀ tún ṣe. Àfi kí gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan láti gbé ìdáná lọ sẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ wúlò fún ilé tí aláìsàn ọkàn, ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí ọmọ tuntun wà, bí èéfín bá ń wọlé láti ìta tí apá kò ká a. Ẹ ra èyí tó ní asẹ́ HEPA, tó ń mú ìdá 99.97 nínú 100 eruku tó tó máíkírómítà 0.3, kí agbára rẹ̀ sì tó yàrá tí ẹ fẹ́ gbé e sí. Ẹ má ra èyí tó ń tú ozone, irú afẹ́fẹ́ kan, jáde; ozone fúnra rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í rọ́pò rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń yí.

Aṣọ tí a fi bo imú kì í dá eruku wẹ́wẹ́ dúró. Ìbòmú N95, èyí tí a dìídì ṣe láti sẹ́ eruku wẹ́wẹ́, ń dá a dúró bí ó bá fara mọ́ ojú dáadáa, ṣùgbọ́n kì í dá carbon monoxide dúró, kò sì sí ẹni tó lè wọ̀ ọ́ se ẹ̀gúsí lójoojúmọ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sílé ìwòsàn

Ikọ́ tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, àyà tó ń fún nígbà tí a bá ń gun òkè díẹ̀, àti ẹ̀fọ́rí tàbí òòyì tó ń wá nígbà tí iná bá ń jó, tó sì ń lọ nígbà tí a bá bọ́ síta: ẹ má jókòó sílé máa fi àgbo tọ́jú ìkankan nínú wọn. Bí ọmọ bá ń húkọ́, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè nígbà tí kò bá sunkún, kí ẹ sì ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Bí ọmọ oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá bá mí tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin mí tó ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú nígbà tó bá ń fa afẹ́fẹ́ símú, òtútù àyà lè ni. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tí ẹ fi ń dáná àti ibi tí ẹ ti ń dá a, bí òun kò bá tilẹ̀ béèrè.